Ohun Tí Mo Rí Nídìí Fífi Fóònù Bá Àwọn Ọ̀dọ́ Sọ̀rọ̀ Oúnjẹ

Mi ò tíì bá ọ̀dọ́ kan pàdé lórí ayélujára tí kò mọ̀ pé ẹ̀fọ́ dára fún ara. Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ṣúgà pọ̀ nínú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n mọ̀ pé àjẹjù iyọ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí ẹ bá fi ìdánwò síwájú wọn, wọ́n á yege. Àmọ́ tó bá di aago mọ́kànlá alẹ́ tí ebi dé, ohun tó bá wà nítòsí ni wọ́n máa ń jẹ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mò ń gbé fídíò àti àwòrán oúnjẹ sórí Instagram, TikTok àti Facebook fún àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 18 sí 30. Ohun tí iṣẹ́ náà fi yé mi ni pé ó ṣòro kí ọ̀dọ́ yí oúnjẹ rẹ̀ padà torí pé ẹnì kan kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tó bá rí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tí owó àti àkókò rẹ̀ kò ju tirẹ̀ lọ, tó ń jẹ oúnjẹ náà tó sì ń gbádùn rẹ̀, ìgbà yẹn ló máa ń gbìyànjú.

Ọjọ́ orí yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń dáná fún wọn. Owó kò tíì pọ̀, yàrá tí wọ́n ń gbé lè má ní ilé ìdáná, iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ti gba ojúmọmọ, àìsàn sì jìnnà lójú wọn. Ẹ sọ fún ọmọ ọdún 22 pé ohun tó ń jẹ lónìí lè sọ ọ́ di alátọ̀gbẹ nígbà tó bá pé àádọ́ta ọdún, yóò fetí sí yín bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ẹlòmíràn. Ẹni àádọ́ta ọdún yẹn, kò mọ̀ ọ́n rí.

Torí náà, adùn ni mo fi ń ṣe àkọlé gbogbo fídíò mi. Ọ̀rọ̀ nípa ìlera lè wà nínú fídíò, àmọ́ kì í ṣáájú. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2017 tó bá ohun tí mò ń rí mu. Nínú ilé oúnjẹ kan ní yunifásítì, wọ́n ń se ẹ̀fọ́ bákan náà, wọ́n ń gbé e kalẹ̀ bákan náà, orúkọ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ nìkan ló ń yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ní ọjọ́ tí orúkọ náà bá ń pariwo adùn, iye àwọn tó bu ẹ̀fọ́ fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọjọ́ tí wọ́n kàn dárúkọ ẹ̀fọ́ náà lásán lọ. Ó fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọjọ́ tí orúkọ náà ń ṣèlérí pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀ tàbí pé kò wúwo. Ẹ̀fọ́ kan náà o, ìkòkò kan náà! Ìgbà tí mo ka iṣẹ́ yẹn ni mo rí ìdí tí fídíò karọ́ọ̀tì tí wọ́n fi oyin díẹ̀ àti ata yan fi ń rìn jìnnà ju fídíò "àǹfààní karọ́ọ̀tì fún ojú" lọ. Ní báyìí mo máa ń sún fóònù mọ́ páànù kí ariwo àlùbọ́sà nínú epo gbígbóná lè wọlé dáadáa. Ariwo yẹn ń ṣiṣẹ́ ju àlàyé mi lọ.

Lórí ọgbọ́n fídíò fúnra rẹ̀, mi ò ní sọ púpọ̀, torí pé àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ tó ti jinná fara hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó tó fi ìka tì í kọjá. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sójú fídíò, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń wò ó nínú ọkọ̀ tàbí ní kíláàsì láì ṣí ohùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gùn, dátà ń ná wọn lówó.

Ohun tó so èso jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe ni pé mo ní kí àwọn tó ń tẹ̀lé mi máa ya àwo oúnjẹ tiwọn ránṣẹ́. Mo fi òfin kan ṣoṣo lé e: a kì í tún àwo ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ torí àwòrán. Àwọn àwòrán tó wọlé kò lẹ́wà rárá. Iná yàrá dúdú, àwo jẹ́ ti rọ́bà, ṣíbí wà níbẹ̀, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe gbà wọ́n ni mo ṣe gbé wọn jáde. Abẹ́ àwọn àwòrán wọ̀nyẹn ni ìbéèrè tó nítumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀: báwo lo ṣe se ẹ̀wà yẹn nígbà tí o ò ní ju sítóòfù kan lọ? Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀fọ́ yẹn lè lò kó tó bàjẹ́ tí kò bá sí fìríìjì? Abẹ́ àwòrán aláràbarà tí mo fúnra mi yà, "ó mà wuyì o" ni mo máa ń rí, wọ́n á sì kọjá lọ.

Yunifásítì Aston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2020. Wọ́n bi akẹ́kọ̀ọ́ 369 léèrè ohun tí wọ́n rò pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lórí Facebook ń jẹ, àti ohun tí àwọn fúnra wọn ń jẹ. Fún ìwọ̀n èso àti ẹ̀fọ́ márùn-ún tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń jẹ, òun náà ń fi bí ìwọ̀n kan kún tirẹ̀. Ti ìpápánu àti ohun mímu aládùn tún yá ju bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́, ìwọ̀n kan kún tirẹ̀. Irú ìwádìí báyìí kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀kan ló fa èkejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tó ń jẹun bákan náà ló ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́. Síbẹ̀, ó tó kí n máa ṣọ́ ohun tí mò ń jẹ́ kí wọ́n gbà pé gbogbo ẹgbẹ́ ń ṣe. Tí mo bá ń kígbe lójoojúmọ́ pé "àwọn ọ̀dọ́ òde òní kì í jẹ èso mọ́," mo ti sọ fún wọn nìyẹn pé àìjẹ èso ló bá ẹgbẹ́ mu.

Ó sì ní ibi tí agbára gbajúmọ̀ orí ayélujára mọ. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí Yunifásítì Liverpool tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fi ojú ìwé Instagram àwọn gbajúmọ̀ han ọmọ 176 tó wà láàárín ọdún 9 sí 11. Àwọn tó rí gbajúmọ̀ pẹ̀lú ìpápánu aládùn jẹ ìpápánu bẹ́ẹ̀ sí i lẹ́yìn náà. Àwọn tó rí wọn pẹ̀lú oúnjẹ aṣaralóore kò jẹ oúnjẹ aṣaralóore sí i. Ọmọdé ni wọ́n lóòótọ́, ọ̀dọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kí n san owó fún òṣèré kan kó wá di ápù mú lójú fídíò, mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà tí mo ń gbà dáhùn àwọn àwòrán náà ló gba ọgbọ́n. Ohun tó dára nínú àwo ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà ni mo máa ń dárúkọ nǹkan kan ṣoṣo tó lè fi kún un. Ọkàn mi máa ń wà lára àwo tí Yunifásítì Harvard yà ní ọdún 2011: ìlàjì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso, ìdá mẹ́rin kan jẹ́ oúnjẹ oníhóró tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ dànù, ìdá mẹ́rin tó kù jẹ́ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran. Mi ò kì í fi àwo yẹn dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ọmọkùnrin kan kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, ẹ má bínú o, kò sí ẹ̀fọ́ kankan níbẹ̀, owó ti tán." Mo dá a lóhùn pé, "Kí ló fa ìbínú? Ẹ̀wà yẹn ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Tí owó bá yọjú, fi tòmátì tútù kan ṣoṣo sí i." Òun ló fi àwòrán tòmátì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì kọ sí i pé, "Àǹtí, ó ti yọjú." Àwọn tó rí i rẹ́rìn-ín, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tòmátì tiwọn ránṣẹ́.

Nǹkan míràn tó máa ń mú wọn dúró ni ìwọ̀n tí ojú lè rí. Ọ̀rọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí ṣúgà ni pé kí ṣúgà tí wọ́n fi kún oúnjẹ, pẹ̀lú èyí tó wà nínú oyin àti omi èso, má tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́, pé tó bá lè má tó ìdá 5, ó tún dára jù. Ẹ kà á báyìí fún ọ̀dọ́, kò ní wọ̀ ọ́ létí. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan, tí a jọ ka ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó ní ṣúgà gíráàmù 10.6 nínú mìlílítà 100, a ó jọ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìgò mìlílítà 500 jẹ́ gíráàmù 53, ó sì lé ní ṣíbí tíì 13. Mo máa ń bu ṣúgà tó tó bẹ́ẹ̀ sínú ife tó mọ́ gaara, ṣíbí kọ̀ọ̀kan, láì sọ̀rọ̀. Fún ẹni tó ń jẹ oúnjẹ kálórì 2,000 lóòjọ́, ìdá 10 yẹn jẹ́ gíráàmù 50. Ìgò kan ti kọjá rẹ̀. Irú fídíò yìí ni wọ́n máa ń pín káàkiri jù.

Àmọ́ ìbéèrè kan náà ló ń tẹ̀lé e nígbà gbogbo: "Kí la máa wá mu?" Ẹni tó bá gba ìgò lọ́wọ́ èèyàn tí kò fi nǹkan rọ́pò rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kankan. Torí náà nínú fídíò yẹn gan-an ni mo ti ń fi omi tútù tí mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí hàn wọ́n. Fún ẹni tí ìyẹn kò bá lè tẹ́ lọ́rùn, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgò kékeré, kó máa fi omi là á, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á tún béèrè bóyá èyí tí wọ́n fi adùn àtọwọ́dá sí sàn jù. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ má ṣe gbára lé irú adùn bẹ́ẹ̀ láti fi dín ìwọ̀n ara kù. Báyìí ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún wọn, láì fi kún un.

Iyọ̀ náà ní fídíò tirẹ̀. Kí ó má kọjá gíráàmù 5 lóòjọ́, kò kún ṣíbí tíì kan, èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti nínú èròjà amọ́bẹ̀dùn sì wà nínú ìṣirò náà.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ìrísí ara. Oúnjẹ aṣaralóore àti ara pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti di ohun kan náà lórí ayélujára, ẹni tó wá gbọ́ nípa àkọ́kọ́ lè bọ́ sínú èkejì láìmọ̀. Nígbà tí ìwé inú ilé-iṣẹ́ Facebook, tó ni Instagram, jáde síta ní ọdún 2021 láti ọwọ́ Frances Haugen, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, a rí i nínú wọn pé ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọbìnrin ọ̀dọ́langba sọ pé, nígbà tí ara wọn kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ṣe ni Instagram ń mú kó burú sí i. Ìfẹ́ oúnjẹ tó mọ́ pàápàá lè di àìsàn. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Steven Bratman, ló fún un lórúkọ orthorexia ní ọdún 1997: èèyàn á máa yọ oúnjẹ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí kò fi ní rí ohun tó lè jẹ mọ́ láìsí ìbẹ̀rù. Ìwádìí kan láti University College London ní ọdún 2017 rí i pé láàárín àwọn tó ń tẹ̀lé ojú ìwé oúnjẹ aṣaralóore, bí wọ́n bá ṣe ń lo Instagram tó ni àmì àìsàn yìí ń pọ̀ sí i lára wọn.

Ojú ìwé oúnjẹ aṣaralóore. Irú tèmi nìyẹn.

Torí ìyẹn ni mi ò ṣe ń gbé àwòrán "bí mo ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bí mo ṣe rí báyìí" jáde, ẹnikẹ́ni tó bá fi í ránṣẹ́, inú mi á dùn sí i ṣùgbọ́n kò ní jáde. Mi ò kọ kálórì sórí àwo ẹnikẹ́ni. Mi ò pe oúnjẹ kankan ní ẹ̀ṣẹ̀, mi ò sì pe ọjọ́ kankan ní ọjọ́ tí èèyàn rú òfin oúnjẹ. Àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí jẹ́ àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí, kí wọ́n jẹ ẹ́ kí inú wọn dùn.

Ọmọbìnrin kan bi mí nínú àpótí ìkọ̀kọ̀ pé, "Àǹtí, ṣé ápù méjì lóòjọ́ ti tó?" Ẹni tó bá ń kánjú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka èròjà inú ápù fún un. Mo bi í pé látìgbà wo, ṣé òòyì ń kọ́ ọ, ṣé nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá déédéé. Ó ní ó ti dáwọ́ dúró. Mo sọ fún un pé, "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí èmi àti ìwọ lè yanjú lórí fóònù. Dókítà lo nílò. Ta ló wà nítòsí rẹ tó lè bá ọ lọ?" Ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo dúró lórí ìlà títí ó fi pe ẹ̀gbọ́n náà. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Lórí irọ́ tó ń rìn káàkiri, mo ní ìlànà kan: mi ò kì í gbé fídíò irọ́ síta láti fi bú u. Ẹ̀rọ tó ń yan ohun tí èèyàn máa rí kò mọ̀ pé ìbínú ni, ó rí i pé ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀, ó sì gbé e fún àwọn míràn. Òótọ́ ni mo máa ń sọ tààrà. Tí tíì tó ń "fọ ìdọ̀tí inú ara" bá ń rìn, mo máa ṣe fídíò lórí iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń ṣe lọ́sàn-án àti lóru láìgba owó. Ìtàn Belle Gibson ní Ọsirélíà ni mo sábà máa ń sọ fún àwọn tó bá ní "ṣùgbọ́n ó wò ó sàn." Ó sọ fún gbogbo ayé pé oúnjẹ ló wo àrùn jẹjẹrẹ ọpọlọ òun sàn, ó fi ta ìwé àti áàpù orí fóònù. Ní ọdún 2015 ó jẹ́wọ́ pé àrùn jẹjẹrẹ kankan kò ṣe òun rí, ní ọdún 2017 ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn 410,000 dọ́là Ọsirélíà lé e.

Iye àwọn tó wò fídíò kò sọ ohunkóhun fún mi nípa ohun tó wọ ẹnu wọn. Iye àwọn tó fi í pamọ́ ló máa ń wù mí, nítorí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ ń gbèrò láti padà sí i. Èyí tó dára jùlọ ni àwọn ẹgbẹ́ kékeré tí mo dá sílẹ̀ lórí WhatsApp, níbi tí orúkọ ara wọn ti yé ara wọn, tí ẹnì kan lè béèrè pé "ṣé o ti jẹ èso lónìí?" láìsí ìtìjú. Nǹkan kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dì mú títí yóò fi mọ́ wọn lára. Olùwádìí kan, Phillippa Lally, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé èèyàn 96 nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2010, wọ́n rí i pé ó máa ń gbà tó ọjọ́ 66 kí nǹkan tó di bárakú, ó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn kan, ó pẹ́ gan-an fún àwọn míràn. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ kò ba ohunkóhun jẹ́. Gbólóhùn yẹn ni mo lẹ̀ mọ́ òkè gbogbo ẹgbẹ́, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń sá lọ nígbà tí ọjọ́ kan bá fò wọ́n.

Àwọn ọkùnrin kì í sábà wá sí àwọn ẹgbẹ́ yìí. Iṣan ara ni wọ́n ń wá, ìyẹ̀fun purotéènì ni wọ́n sì ń béèrè. Ibẹ̀ ni mo ti ń dúró dè wọ́n báyìí. Àgbàlagbà nílò bíi gíráàmù purotéènì 0.83 fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, nítorí náà ẹni kílógíráàmù 70 nílò bíi gíráàmù 58, ẹni tó ń gbé irin wúwo lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà, ẹ̀wà tó jinná gíráàmù 100 ní bíi mẹ́jọ, kò sì nílò ìyẹ̀fun kankan. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí báyìí ni bí wọ́n ṣe máa ṣe é tí kò fi ní máa kó afẹ́fẹ́ sí wọn nínú níwájú ọmọbìnrin. Mo ní kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí wọ́n da omi náà nù, kí wọ́n fi omi míràn sè é, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n kékeré bẹ̀rẹ̀ títí inú á fi mọ̀ ọ́n. Fídíò rẹ̀ ni mò ń ṣe lọ́wọ́, ọ̀kan lára wọn ló ní òun máa jókòó síwájú fóònù.